Ibi Tí Èèpo Iṣu Ń Gbà Lọ

Ní ilé wa ní Ọ̀yọ́, kò sí ohun tí ènìyàn lè sọ nù láìgba àṣẹ. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ló ṣe òfin náà, òun náà ló sì ń ṣọ́ ọ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Bí a bá bó iṣu tán, ewúrẹ́ ló kọ́kọ́ ni èèpo rẹ̀. Ohun tí ewúrẹ́ bá kọ̀ ni adìyẹ yóò wá tú. Ohun tí adìyẹ bá tú kù ni a ó gbá lọ sórí ààtàn tó wà ní ẹ̀yìnkùlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà mẹ́sàn-án tí bàbá bàbá mi gbìn kó tó kú. Ẹni tó bá gbé èèpo lọ sórí ààtàn tààrà, láìkọ́kọ́ gbé e fún ẹran, yóò gbọ́ ohùn Ìyá Àgbà láti inú yàrá: "Ta ló ń fo àwọn ẹran mi yẹn? Ṣé ẹ̀yin ti jẹun ni?" A kì í mọ bó ṣe ń mọ̀. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé igbe ewúrẹ́ ló ń gbọ́. Ewúrẹ́ tó rí èèpo tó kọjá níwájú rẹ̀ ní igbe tirẹ̀. Ó gùn, ó sì máa ń gbọ̀n ní ìparí. Kò jọ igbe ebi, kò sì jọ igbe èyí tó ń wá ọmọ rẹ̀.

Kí n tó lọ síwájú, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ pé n kò kàwé dé ibi tí àwọn ènìyàn ń retí kí ẹni tó ń sọ irú ọ̀rọ̀ báyìí kà á dé. Aránṣọ ni mí. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò jìnnà sí Ọjà Igbó. Ìwé bàólọ́jì mẹ́ta tí èèpo wọn ti já ló wà lábẹ́ tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ, mo sì ti kà wọ́n débi pé mo mọ ojú ìwé tí epo ẹ̀rọ ìránṣọ ti kán sí. Nígbà kan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó gboyè nínú iṣẹ́ àgbẹ̀ wá gba ṣòkòtò lọ́wọ́ mi. Mo sọ fún un pé tí a bá yọ omi kúrò nínú iṣu, èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó kù, inú afẹ́fẹ́ ló ti wá, kì í ṣe inú ilẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. "Àǹtí, iṣu láti inú afẹ́fẹ́? Ẹ jẹ́ kí n yára lọ gbé apẹ̀rẹ̀ síta dè é nígbà náà." Mo ní kó jókòó. Mo ṣí ìwé fún un. Nígbà tó kà á tán, ó ní òun ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, òun kàn gbàgbé ni. Kò burú. Èmi ò lè gbàgbé ní tèmi, torí pé kì í ṣe inú ìwé ni mo ti kọ́kọ́ pàdé rẹ̀. Orí ààtàn ni, ní ọdún tí wọ́n fẹ́ rọ símẹ́ǹtì lé e lórí. Bó ṣe rí gan-an ni mo fẹ́ sọ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó rẹ́rìn-ín.

Mo wà ní kíláàsì kẹrin lọ́dún náà. Bàbá mi ń wa ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí òkè Ọya, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù la máa ń rí i. Ìyá mi ń ṣe ẹ̀lùbọ́. Ohun tó máa ń jí mi ni ìró ọ̀bẹ rẹ̀ lára iṣu, ṣáá, ṣáá, ṣáá. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìró tẹ̀súbáà Ìyá Àgbà, ìlẹ̀kẹ̀ kan ń bọ́ lu ìlẹ̀kẹ̀ kejì. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata ní ojúlé kejì, tó máa ń wúkọ́ bí ẹ̀ẹ̀mẹta kó tó gbéra. Ẹ̀kọ gbígbóná la máa ń jẹ láàárọ̀, a ó fi ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tí a já ní etí ààtàn jẹ ẹ́. Ẹnikẹ́ni kì í gbin tẹ̀tẹ̀ yẹn. Ó kàn ń hù ni, àti òun àti ìbẹ́pẹ, àti tòmátì wẹ́wẹ́ tó máa ń pọ́n kí a tó mọ̀ pé ó so. Ààtàn náà kì í sì í rùn bí àwọn ènìyàn ṣe rò. Bí Ìyá Àgbà bá ti da eérú àti ewé gbígbẹ lé e lórí, òórùn ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí ló máa ń ní. Bí a bá fi igi tú u, ìdin funfun á máa yí, ekòló á máa sá fún ìmọ́lẹ̀, ọ̀kùn á ká ara rẹ̀ jọ bíi bọ́tìnì. Adìyẹ mẹ́rìnlá ló ń jẹ lórí rẹ̀. Àṣá kan ṣoṣo ló máa ń yí lókè ilé wa, tó ń wá òròmọdìyẹ. Mo bi Ìyá Àgbà pé kí ló dé tí ìdin fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, tí adìyẹ jẹ́ mẹ́rìnlá, tí àṣá sì jẹ́ ẹyọ kan. Ó ní, "Ṣé o fẹ́ kó di méjì ni?"

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn jù ni gíga ààtàn náà. Apẹ̀rẹ̀ èèpo méjì ló ń ti ọwọ́ ìyá mi jáde lóòjọ́. Ẹran jẹ nínú rẹ̀, lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹran náà ń yàgbẹ́, orí ààtàn kan náà la sì ń gbá ìgbẹ́ wọn sí, pẹ̀lú eérú, ìyẹ́ adìyẹ, ewé ẹ̀kọ àti ìràwé. Mo gé ọ̀pá ọparun kan, mo fi ọ̀bẹ fá àmì sí i lára, ìka mẹ́rin mẹ́rin láàárín àmì kan sí èkejì. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, tí a bá ti ilé-ẹ̀kọ́ dé, mo máa ń ti ọ̀pá náà bọ àárín ààtàn títí yóò fi kan ilẹ̀ líle, n ó sì ka àmì. Láti ìgbà òjò dé ìgbà ọyẹ́, kò kọjá àmì kọkànlá rí, bẹ́ẹ̀ ìṣirò mi ni pé ó yẹ kó ti ga dé àjà.

"Ìyá Àgbà, níbo ni èèpo yẹn ń gbà lọ?"

"Ó ń lọ síbi tó ń lọ."

"Níbo nìyẹn?"

"Àjọkẹ́, bó o bá rí i, kó o wá sọ fún mi. Èmi náà ti ń wá a láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé mi wọ ilé yìí."

Nígbà ọyẹ́ ni mo rí ìlàjì ìdáhùn. Òwúrọ̀ kan tí ètè gbogbo wa ń sán, mo rí èéfín tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń gòkè láti àárín ààtàn, bẹ́ẹ̀ iná kankan ò sí níbẹ̀. Mo ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, mo sì yára fà á yọ. Ó gbóná ju omi ìwẹ̀ ọmọ tuntun lọ. Ẹnu ò ya Ìyá Àgbà. Ó mú agolo ńlá kan tó ní ìdérí, tó kún fún omi, ó rì í sínú ààtàn náà dé ọrùn, ó fi ewé bò ó. Nígbà tó fi máa kírun, omi àlùwàlá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, láìfi igi kan jóná. Ọdọọdún ló ń ṣe é, ó ní òun ò mọ̀ pé ó yẹ kí òun ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Mo mọ àlàyé rẹ̀ báyìí, inú mi sì máa ń dùn láti ṣe é ní kíkún. Ewé iṣu ní oko ló kọ́kọ́ mú ìmọ́lẹ̀ oòrùn. Ó mú gáàsì kan nínú afẹ́fẹ́, ó mú omi nínú ilẹ̀, ó sì fi agbára oòrùn so wọ́n pọ̀ di oúnjẹ tó kó sínú iṣu. Ẹni tó bá jẹ iṣu náà, bó jẹ́ èmi, bó jẹ́ ewúrẹ́, bó jẹ́ ìdin, bó jẹ́ àwọn ohun abẹ̀mí tí ojú ò lè rí tó wà nínú ààtàn, ìtúpalẹ̀ ni gbogbo wa ń tú u. A ń mí gáàsì rẹ̀ padà sínú afẹ́fẹ́, a sì ń lo agbára tó wà nínú rẹ̀. Bí a bá ti lo agbára náà, ó di ooru. Ooru ni Ìyá Àgbà fi ń ṣe àlùwàlá. Ooru kan náà ló wà ní abẹ́ apá ewúrẹ́ tí mo máa ń ti ọwọ́ bọ̀ nígbà ọyẹ́, àti lára adìyẹ tó sàba. Oòrùn oko ni gbogbo rẹ̀. Kì í padà mọ́. Bó ṣe ń ti ẹnu kan bọ́ sí ẹnu kejì ló ń dín kù, ìdí nìyí tí ìdin kò fi níye, tí adìyẹ fi jẹ́ mẹ́rìnlá, tí gbogbo àgbègbè wa kò fi lè bọ́ ju àṣá kan lọ. Èròjà ara wọn ni kì í tán. Òun kàn ń pààrọ̀ ilé ni. Èyí tó pọ̀ jù nínú èèpo ìyá mi fò lọ sínú afẹ́fẹ́ lójú mi, mo sì ń fi ọ̀pá ọparun wá a nílẹ̀. Ìyókù wọnú ọ̀gẹ̀dẹ̀. Wọ́n ń pè é ní ìdọ̀tí. Ẹni tó bá pè é bẹ́ẹ̀ níwájú mi lónìí, èmi àti onítọ̀hún yóò jọ jókòó sọ̀rọ̀ ni.

Ẹni tó kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀ nínú ilé wa ni Bàbá Kékeré. Àbúrò bàbá mi ni, Rájí lorúkọ rẹ̀. Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń gbé, ó ń ṣe búlọ́ọ̀kù, ó sì ń rọ ilẹ̀ fún àwọn onílé. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Òun ló ra bàtà ilé-ẹ̀kọ́ fún mi, òun ló sì máa ń gbé mi sẹ́yìn alùpùpù rẹ̀ yí ìta ààfin ká. Ṣùgbọ́n bó bá rí ilẹ̀ lásán, àyà rẹ̀ kì í balẹ̀. Ọjọ́ Àìkú kan ló dé, ọyẹ́ ti ń kásẹ̀ nílẹ̀. Ìyá mi kúnlẹ̀ kí i, "Ọkọ mi, ẹ kú ìrìn o," torí pé ìyàwó ilé kì í pe ẹni tó bá nílé lórúkọ, bí onítọ̀hún tilẹ̀ kéré sí i lọ́jọ́ orí. Ó mu omi tán, ó yíjú sí Ìyá Àgbà.

"Màmá, àwọn àna mi ń bọ̀ wá kí yín. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí Sátidé tó ń bọ̀."

"Alihamudulilahi. Kí la ó sè fún wọn?"

"Kì í ṣe ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìnkùlé yìí ni. Onítẹ̀bọmi ni wọ́n, nọ́ọ̀sì ni ìyá ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fẹ́. Ẹ lè fi ahọ́n lá ilẹ̀ ilé wọn, kò sí nǹkan tí yóò ṣe yín."

"Ta ló fẹ́ fi ahọ́n lálẹ̀?"

Ìyá mi sáré wọ ilé kí wọ́n má bàa rí ẹ̀rín lójú rẹ̀.

"Màmá, mi ò ṣeré o. Ẹ̀ ń fi ooru ààtàn ṣe àlùwàlá! Ṣé ohun tí ènìyàn ń sọ síta nìyẹn?"

"Omi ò kan ààtàn. Agolo ló kàn án. Ṣé agolo ló ń kírun ni?"

Bàbá Kékeré mí kanlẹ̀. Ó sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ wàyí, ó sì sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Òun yóò kó ààtàn náà kúrò. Òun yóò gé àwọn ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn, wọ́n ti gbó. Òun yóò rọ gbogbo ẹ̀yìnkùlé ní símẹ́ǹtì, láti ẹnu ilẹ̀kùn dé ara ọgbà. Bí wolé-wolé bá dé, kò ní rí nǹkan kan wí.

"Àwọn ẹran mi ńkọ́?"

"A ó tà wọ́n."

"Èmi ńkọ́?"

"Ẹ ó bá mi lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Mo ti kọ́ yàrá yín tán, mo ti fi fáànù sí i. Ẹ ti ṣiṣẹ́ tó, Màmá. Ẹ kàn máa jókòó."

"Àga ni wọ́n máa ń gbé sínú yàrá pé kó máa jókòó, Rájí. Èmi kì í ṣe àga."

Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí oòrùn fi yí. Ìyá mi ló wá kúnlẹ̀ láàárín wọn. Ó ní kí ọkọ òun fi ẹ̀yìnkùlé sílẹ̀ báyìí ná, àwọn yóò tún un ṣe, èèpo kankan ò ní kanlẹ̀ mọ́. Bàbá Kékeré wo ojú rẹ̀ títí. Ó ní ó dára. Tí òun bá padà dé ní Ọjọ́rú tó ṣáájú ìbẹ̀wò náà, tí òun ò bá rí ìdọ̀tí nílẹ̀, òun yóò fi ilẹ̀ náà sílẹ̀. Tí òun bá rí i, símẹ́ǹtì ni. Bí ó ṣe di pé ilẹ̀ Ìyá Àgbà, ẹran rẹ̀, àti ibi tí yóò máa sùn títí ọjọ́ ayé rẹ̀ wà lọ́wọ́ èèpo iṣu nìyẹn, iṣẹ́ èèpo sì wà lọ́wọ́ mi.

Náílọ́ọ̀nù la lò. Ìyá mi kó èyí tó fi ń di ẹ̀lùbọ́ jáde, ó ní kí n máa kó èèpo sínú rẹ̀, kí n so ó, kí n tò ó sí ara ọgbà títí ọkọ̀ akólẹ̀ yóò fi kọjá. Ìyá Àgbà ò fẹ́. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹran kọ́kọ́ jẹ. Ìyá mi ní bí ẹran bá jẹ ẹ́ nílẹ̀, wọn yóò tú u ká, ọkọ òun yóò sì rí i. Ewé ni ká já fún wọn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré. Ìyá Àgbà jáde lọ já ewé. Èmi fi gbogbo agbára ṣe iṣẹ́ yẹn, torí Ìyá Àgbà ni mò ń ṣe é fún. Mo mú òwú pupa tó ṣẹ́kù lára aṣọ tí wọ́n rán fún mi nígbà Ìtúnu Ààwẹ̀, mo fi ń so ẹnu náílọ́ọ̀nù. Kókó mẹ́ta mẹ́ta ni mo ń ta sí i. Kò sí ẹni tó lè tú u. Mo máa ń dúró wò wọ́n níbi tí wọ́n tò sí, funfun gbogbo wọn, wọ́n ń dán nínú oòrùn, mo sì ń rò ó pé a ti borí.

Ọkọ̀ akólẹ̀ ò kọjá. Àwọn ewúrẹ́ sì mọ òórùn iṣu. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn, Ìyá Ìbejì là ń pè é, torí méjì méjì ló ń bí. Mo bá a lẹ́ẹ̀mejì níbi tó ti ń fa náílọ́ọ̀nù ya, mo lé e, mo kó èèpo tó kù, mo sì tún un dì. N kò ronú kan náílọ́ọ̀nù tí n kò rí mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ikùn rẹ̀ wú ní apá òsì. Ìyá Àgbà dúró tì í láàárọ̀, ó ń wo ẹnu rẹ̀. "Kò jẹ àpọ̀jẹ," ló wí. Ewúrẹ́ tó bá yó máa ń dùbúlẹ̀, yóò pọ oúnjẹ wá sẹ́nu, yóò tún un jẹ, àgbọ̀n rẹ̀ á máa lọ láti ẹ̀gbẹ́ kan sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ti Ìyá Ìbejì ò mì. Wọ́n ro epo pupa sí i lẹ́nu, wọ́n fọwọ́ pa á níkùn, ìyá mi bu iyọ̀ fún un. Ní ọjọ́ Àlàmísì, kí n tó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, ó ti kú, ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nà gbọnrangandan.

Òkúǹbete ni, a kì í jẹ ẹ́. Gbogbo wa rò pé sísin ni wọn yóò sin ín. Ìyá Àgbà ní kí wọ́n gbé ọ̀bẹ wá. Ó ká aṣọ rẹ̀ sókè, ó kúnlẹ̀, ó la ikùn ẹran náà bí ẹni tó ń ṣí àpótí. Mo rí àpò ńlá tí ewúrẹ́ máa ń kó koríko sí, ó le, ó sì wúwo. Nígbà tó là á, koríko díẹ̀ ló jáde. Ìyókù jẹ́ ohun kan tó ká mọ́ ara rẹ̀, ó tóbi tó orí ọmọ ọwọ́, ó jọ okùn tí wọ́n ká jọ. Ó fà á jáde, ó gbé e sílẹ̀ níwájú mi, ó bu omi lé e. Àwọ̀ rẹ̀ padà. Mo rí òwú pupa. Mo rí kókó mẹ́ta, wọ́n wà létòlétò bí mo ṣe ta wọ́n.

"Wò ó dáadáa, Àjọkẹ́," ni Ìyá Àgbà wí. Kò pariwo mọ́ mi. "Kókó rẹ ò tú."

Mo sunkún débi pé n kò lè lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ náà. Ó jẹ́ kí n sunkún tán, ó wá ní kí n jókòó fọ̀ wọ́n. Mo yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mo fi ọṣẹ dúdú fọ̀ wọ́n. Mọ́kàndínlógún ni wọ́n. Inú ikùn ewúrẹ́ máa ń sọ ewé gbígbẹ àti èèpo iṣu di wàrà àti ẹran ara. Kò sí iṣẹ́ mìíràn tí àwọn ohun abẹ̀mí inú rẹ̀ ń ṣe tọ̀sán-tòru. Wọ́n gba náílọ́ọ̀nù yẹn, wọn ò sì mọ ibi tí wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ohun gbogbo tó wọ ilé wa lọ́dún yẹn ló ní ẹnu tó ń dúró dè é: ènìyàn, ẹran, adìyẹ, ìdin, gbòǹgbò. Èyí nìkan ni kò ní. Èmi tí mo rò pé mò ń tún ilé ṣe, èmi ni mo gbé e wọlé, mo sì so ó mọ́ oúnjẹ. Mo ti ń gbé ẹ̀bi yẹn láti ọjọ́ náà, n kò sì bẹ ẹnikẹ́ni pé kó gbà á lọ́wọ́ mi. Ibẹ̀ ni gbogbo ohun tí mo mọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n sin ewúrẹ́ náà sáàárín ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ìyá Àgbà já gbogbo náílọ́ọ̀nù tó kù ní ara ọgbà, ó da èèpo inú wọn síta, ó ké sí àwọn ẹran. Lẹ́yìn náà ló sá mọ́kàndínlógún yẹn sórí okùn aṣọ, lójú ọ̀nà gan-an, níbi tí ẹni tó bá wọlé kò lè ṣe kó má rí i. Ìyá mi ní, "Màmá, Ọjọ́rú ku ọjọ́ mẹ́fà péré o." Ìyá Àgbà ní, "Mo mọ ọjọ́ kà."

Ní Ọjọ́rú, Bàbá Kékeré dé. Bíríkìlà kan tó ń jẹ́ Làsísì tẹ̀lé e, pẹ̀lú lébírà mẹ́ta, ṣọ́bìrì, iyanrìn, òkúta wẹ́wẹ́ àti àpò símẹ́ǹtì nínú ọkọ̀ kékeré kan. Ó wo ẹ̀yìnkùlé. Ẹran wà nídìí èèpo, adìyẹ wà lórí ààtàn. Ó wo okùn aṣọ.

"Màmá, kí ni wọ̀nyí?"

"Ìmọ́tótó ni. Inú Ìyá Ìbejì la ti kó o."

Ìyá mi ṣàlàyé fún un láti orí ìkúnlẹ̀. Ojú rẹ̀ rọ̀, mo rí i. Ó ní kí Ọlọ́run fi òmíràn rọ́pò. Ó wá ní, "Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ẹ rí i báyìí, Màmá. Àárín ìlú kì í ṣe ibi tí ẹran ń gbé mọ́. Ohun tí mò ń sọ náà nìyí." Ó yíjú sí Làsísì. "Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í pò ó. Bí ẹ bá pò ó tán, ẹ kó ààtàn yẹn, ẹ rọ ibẹ̀ ṣáájú."

Wọ́n da iyanrìn sí iwájú ilé, wọ́n da símẹ́ǹtì lé e, wọ́n bu omi sí i. Ìró ṣọ́bìrì gba gbogbo agboolé kan, ráà, ráà. Ìyá Àgbà wọ yàrá. Mo rò pé ó lọ sunkún ni. Nígbà tó jáde, ó ti wọ aṣọ funfun tó fi ń lọ kí ìrun Jímọ̀, ó ti wé gèlè, ó ti fi ìborùn lé e, bẹ́ẹ̀ Ọjọ́rú la wà. Ó kọjá lára gbogbo wa, kò wo ẹnikẹ́ni. Ó lé adìyẹ kúrò, ó yíra padà, ó jókòó sórí ààtàn.

Lébírà kan tó ti gbé ṣọ́bìrì sókè sọ ọ́ kalẹ̀. Làsísì ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Ẹ má jẹ́ kí n fi ṣọ́bìrì kan yín."

"Àbí kó o kó èmi náà mọ́ ọn, ọmọ mi. Kò sí èyí tó wúwo jù nínú wa."

Bàbá Kékeré sáré wá láti iwájú ilé. "Màmá! Aṣọ funfun! Ẹ wo bí ẹ ṣe ń ṣe! Kí làwọn ará àdúgbò yóò sọ?"

"Wọn yóò ní ìyá Rájí jókòó lórí ààtàn. Òótọ́ sì ni."

"Ẹ dìde, Màmá."

"Gbé mi."

Kò lè gbé e. Mo rí i pé ó rò ó, ṣùgbọ́n ọmọ wo ni yóò gbá ìyá rẹ̀ mú gbé níwájú lébírà? Ó yíjú sí ìyá mi. "Ìyàwó, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Ẹnu yín ni wọ́n máa ń gbọ́." Ìyá mi dìde níbi tó ti ń bó iṣu, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì funfun. N kò rí i rí kó kọ ọ̀rọ̀ sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu nínú ìdílé ọkọ rẹ̀. Ó rìn lọ bá Bàbá Kékeré, ó kúnlẹ̀, orúnkún rẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀ dáadáa, ó ní, "Ọkọ mi, ẹ má bínú." Ó dìde. Ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó jókòó ti Ìyá Àgbà.

Èmi ò dúró kí wọ́n pè mí. Èèpo tútù àti ewé ni mo jókòó lé, mo sì ń gbọ́ ooru rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ó ń wọ aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ mi, ó ń wọ ara mi. Làsísì yọjú láti ẹ̀gbẹ́ ilé. "Ọ̀gá, ohun tí a pò níwájú ilé ti ń gan o. Kí la ó ṣe sí i?" Bàbá Kékeré dúró, ó fi ọwọ́ méjèèjì sí ìbàdí, ó ń wo àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìyá Àgbà tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó mú tẹ̀súbáà rẹ̀ jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. A jókòó síbẹ̀ títí símẹ́ǹtì náà fi di òkúta.